Aláìsàn kì í dúró de care plan: ohun tí ojú mi rí nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fún wa láti kọ care plan àkọ́kọ́, ìyẹn ètò ìtọ́jú aláìsàn tí nọ́ọ̀sì máa ń kọ sílẹ̀. Aláìsàn kan ṣoṣo ló kàn mí, obìnrin alátọ̀gbẹ tí egbò wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ọjọ́ kejì ni mo ti lọ bá a ní wọ́ọ̀dù. Mo bá a sọ̀rọ̀, mo wo egbò náà nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, mo wọn ìfúnpá rẹ̀, mo sì kọ nǹkan bíi mẹ́fà sórí bébà pélébé kan tí mo kì bọ àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Mo ní tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, n ó jókòó kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Òpin ọ̀sẹ̀ dé, mo fọṣọ, mo to ìwé sórí tábìlì, mo fi gègé aláwọ̀ mẹ́ta fa ìlà sí bébà. Ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lọ́wọ́ mi. Nígbà tó ku ọ̀la ká fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sáré padà sí wọ́ọ̀dù láti lọ béèrè ohun tó ṣẹ́ kù. Mo bá ibùsùn náà lófìfo, wọ́n ti tẹ́ aṣọ mìíràn sí i. Obìnrin náà ti lọ sílé láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Bébà inú àpò ńkọ́? Mo ti rẹ aṣọ yẹn sínú omi ọṣẹ. Ẹ̀rún funfun tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àpò ni mo bá níbẹ̀.

Ohun tí mo wá ṣe ló burú. Mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hùmọ̀ nọ́ńbà. Ìgbóná ara 36.8, ìlù ọkàn 78 ní ìṣẹ́jú kan, èémí 18. Ọjọ́ mẹ́rin léraléra, kò sí èyí tó yí padà. Olùkọ́ wa, màmá kan tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, kà á tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Ọjọ́ wo ni aláìsàn yìí lọ sílé?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, n kò rántí.”

“Ọjọ́ kẹwàá ló lọ. O kọ ọ́ síbí pé o wo egbò rẹ̀ lọ́jọ́ kejìlá, pé ó ti ń gbẹ. Ṣé o bá a délé ni?”

Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ. Òdo ni mo gbà, ó sì ní kí n lọ wá aláìsàn mìíràn, kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò yé mi nígbà yẹn, torí ó kan gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ìpele márùn-ún ni care plan ní: ká yẹ aláìsàn wò, ká sọ ìṣòro rẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe rí i, ká kọ ohun tí a fẹ́ kó yí padà, ká ṣe iṣẹ́ náà, ká wá padà lọ wò ó bóyá ó yí padà lóòótọ́. Ìpele karùn-ún yìí kò ṣeé ṣe lórí tábìlì. Tí mo bá kọ ọ́ pé ìrora aláìsàn yóò wálẹ̀ láti 7 sí 3, lórí òṣùwọ̀n 0 sí 10, láàárín wákàtí 48, àfi kí n wà níwájú rẹ̀ nígbà tí wákàtí 48 náà bá pé, kí n tún bi í léèrè. Ẹni tó bá ń kọ àfojúsùn ní ọjọ́ kẹtàlá ti pàdánù wákàtí 48 tirẹ̀. Ìkọ̀wé gan-an kò gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ọjọ́ tí a ó fi máa wo aláìsàn ni wọ́n kà fún wa, èmi wá fi í ṣe ọjọ́ tí mo lè máa fi sún nǹkan síwájú.

Ìdí nìyí tí fònídónìí-fọ̀ladọ́la tiwa fi le ju ti ẹlòmíràn. Ẹni tó ń kọ àròkọ lórí ìtàn lè sún un síwájú, ìwé tó fẹ́ kà kò ní kúrò ní láíbìrì. Ní wọ́ọ̀dù, egbò ń yí padà láàárọ̀ àti lálẹ́, aláìsàn ń lọ sílé, nọ́ọ̀sì àgbà tó rí ọ nígbà tí o ń ṣiṣẹ́ ń lọ fún ìsinmi. Nígbà tí ohun tó yẹ ká kọ bá ti lọ tán, ọwọ́ á wá máa yún ni láti hùmọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ tó bá mọ̀ ọ́n hùmọ̀ nínú iṣẹ́ kíláàsì kò ní ṣòro fún láti hùmọ̀ lórí ṣáàtì gidi. Ẹnìkan á kọ ìfúnpá tí kò wọ̀n, ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á wò ó, á sì fi nọ́ńbà yẹn pinnu bóyá kó fún aláìsàn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí kó dá a dúró. Mo máa ń rántí èyí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rẹ́rìn-ín pé òun “ṣètò” nọ́ńbà.

Ọ̀lẹ ni mo pe ara mi fún odindi ọdún kan. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ kì í fọṣọ, kì í to tábìlì, kì í fi gègé mẹ́ta fa ìlà. Mo ń ṣiṣẹ́ ṣáá, èyí tó yẹ kí n ṣe nìkan ni mo ń yà fún. Àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn méjì, Fuschia Sirois àti Timothy Pychyl, kọ ọ́ ní 2013 pé nígbà tí iṣẹ́ kan bá ń kó ìbẹ̀rù tàbí ìsúni bá èèyàn, ṣe ló máa ń sún un síwájú kí ara lè tù ú lójú ẹsẹ̀, á wá di gbèsè sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ọ̀la. Nígbà tí mo wá wo tèmi fínnífínní, ibì kan péré ni ẹ̀rù wà: ìpele kejì. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìṣòro aláìsàn lójú nọ́ọ̀sì. Dókítà ti kọ “àtọ̀gbẹ” sínú fáìlì, mo mọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ dà á kọ, n kò sì mọ ohun tí mo máa fi rọ́pò rẹ̀.

Bó ṣe rí gan-an nìyí, ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kó fò ó. Apá mẹ́ta ni gbólóhùn náà ní: ìṣòro, ohun tó fà á, ohun tí a fojú rí tàbí tí aláìsàn fẹnu sọ tó jẹ́rìí sí i. Fún obìnrin yẹn, ǹ bá kọ ọ́ báyìí: awọ ẹsẹ̀ ti já, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn dé ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ náà sì ti kú tipiri, gẹ́gẹ́ bí egbò oní sẹ̀ǹtímítà 3 tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ti fi hàn. Ó parí. Tó bá jẹ́ ewu tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni, bíi kí aláìsàn ṣubú, apá méjì péré ni, torí kò tíì sí ohun tó lè jẹ́rìí. Àṣìṣe tí wọ́n máa ń ṣe jù ni kí wọ́n fi orúkọ àrùn sí ipò ìṣòro, tàbí kí wọ́n kọ ohun tí nọ́ọ̀sì kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan sí. Nígbà tí ọ̀gá kan ní wọ́ọ̀dù là á yé mi, kò gbà á tó ogún ìṣẹ́jú. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi sá fún ogún ìṣẹ́jú.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ti rí i pé mo ti sún iṣẹ́ kan síwájú lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń bi ara mi pé: gbólóhùn wo nínú rẹ̀ ni n kò mọ bí mo ṣe máa kọ? Mo máa ń kọ ìdáhùn rẹ̀ bí ìbéèrè kan ṣoṣo, mo sì máa ń gbé e tọ ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ. Kí ìbéèrè náà kéré o. “Mà, care plan ò yé mi” kò ní mú ìdáhùn gidi wá, wọ́n á ní kí o lọ ka ìwé rẹ. “Mà, ṣé mo lè fi ẹsẹ̀ tó kú tipiri ṣe ohun tó fà á, àbí ẹ̀rí ni?” Èyí ni wọ́n á dúró dá ọ lóhùn, bí wọ́n tiẹ̀ ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn lọ.

Ohun kan wà tó ń tan wá jẹ, ó sì yẹ ká gbà pé òótọ́ wà nínú rẹ̀: sísún iṣẹ́ síwájú máa ń dùn. Ìwádìí tí Dianne Tice àti Roy Baumeister tẹ̀ jáde ní 1997 tẹ̀lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jálẹ̀ sáà ẹ̀kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn afiṣẹ́dọ̀la ni ara wọn balẹ̀ jù, pákáǹleke wọn kéré, wọn kì í sì í ṣàìsàn púpọ̀. Nígbà tí sáà ń parí lọ, ọ̀rọ̀ yí bìrí: àwọn náà ni pákáǹleke wọn pọ̀ jù, àwọn ló ṣàìsàn jù, máàkì wọn ló sì kéré. Nígbà tí mo kà á, ó ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni wọ́n ń sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni mo fi ń bú àwọn tó ń jókòó ní láíbìrì.

Ohun tó kọ́kọ́ yí nǹkan padà fún mi kéré débi pé ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Ìwé kékeré kan, tó wọ àpò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Ìlànà kan ṣoṣo ni mo fi sí i: n kò ní bọ́ aṣọ iṣẹ́ tí n kò bá tíì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ nǹkan sínú rẹ̀. Orí àga tó wà níbi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ ni mo ti ń kọ ọ́, bàtà á ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ohun tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, àwọn nọ́ńbà, pẹ̀lú wákàtí tí mo wọ̀n wọ́n, ohun tí mo rí lára egbò, bó ṣe fẹ̀ tó, àwọ̀ rẹ̀, bóyá ó ń rùn, ohun tí wọ́n ṣe fún un, àfojúsùn kan, ọjọ́ àti wákàtí tí mo máa padà wá wò ó. Orúkọ aláìsàn kì í sí níbẹ̀ láéláé, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà fáìlì tàbí àdírẹ́sì. “Obìnrin, ọdún 58, egbò ẹsẹ̀” ti tó, torí ìwé tó ń bá èèyàn jáde nílé ìwòsàn lè bọ́ sọnù nínú ọkọ̀. Ẹ má sì yàwòrán ṣáàtì sórí fóònù. Wọ́n ti tìtorí rẹ̀ lé èèyàn kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Ìdí tí ìlànà yìí fi dúró, tí èyí tí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò fi dúró, ni pé ó so mọ́ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1999: “n ó kàwé lónìí” kò lágbára tó “tí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, nǹkan báyìí ni n ó ṣe”. Kò sí bí mo ṣe máa délé tí n kò ní bọ́ aṣọ. Mo ti gbìyànjú láti so ó mọ́ aago mẹ́jọ alẹ́ rí. Aago mẹ́jọ alẹ́ kì í bá mi níbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, torí ọ̀sẹ̀ yìí iṣẹ́ àárọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ iṣẹ́ òru.

Logbook ló tún kàn. Gbogbo wa ni wọ́n fún ní iye iṣẹ́ ọwọ́ tí a gbọ́dọ̀ ṣe lójú nọ́ọ̀sì àgbà, kí ó sì buwọ́ lù ú. Mo fi róbà ìtọ̀ sí aláìsàn mẹ́ta láàárín oṣù kan, mo ṣe é dáadáa, n kò sì gba ìbuwọ́lù kankan. Mo ní n ó kó wọn jọ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo padà dé, nọ́ọ̀sì tó wò mí ti kúrò ní wọ́ọ̀dù yẹn. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ní òun kò lè buwọ́ lu ohun tí ojú òun kò tó, òun ló sì jàre. Mo tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe.

Ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ṣe tán. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ṣe èyí fún logbook mi, ṣé ẹ máa lè dúró wò mí?” Ẹni tí o bá ti bẹ̀ báyìí á wò ọ́ tọkàntọkàn, á sì tún ọwọ́ rẹ ṣe níbi tó yẹ, nítorí ó mọ̀ pé orúkọ òun ló ń lọ sábẹ́ rẹ̀. Kí ó buwọ́ lù ú kí ẹ tó kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ìṣirò: tí iṣẹ́ ọwọ́ 40 bá kù, tí ọ̀sẹ̀ 10 sì kù, mẹ́rin ló kan ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn máa ń purọ́ díẹ̀, torí gbogbo iṣẹ́ kọ́ ló ń wáyé lójoojúmọ́. Ìfúnpá wà láti wọ̀n láàárọ̀ àti lálẹ́. Róbà tí wọ́n ń ti imú fi sí ikùn lè má wáyé fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó rọrùn ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ ṣe, kó lè rí ìbuwọ́lù púpọ̀ nínú ìwé. Nígbà tó bá wá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ogún èèyàn á máa du aláìsàn kan ṣoṣo tó nílò róbà imú. Ọ̀wọ́n ni kí ẹ kọ́kọ́ dọdẹ. Èyí tó pọ̀ kò ní sá lọ.

Ìṣirò oògùn ni ẹrù tí mo sá fún jù lọ. Kì í ṣe pé ó le. Mo ti gbà látìgbà tí mo wà ní kékeré pé ìṣirò kì í ṣe tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń sá fún. Ẹ wo ọ̀kan: wọ́n ní kí dírípù 1,000 ml wọlé fún wákàtí 8, okùn dírípù náà sì ń ṣe ẹ̀kán 20 nínú ml kan. Ẹ̀kán mélòó ní ìṣẹ́jú kan? Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480. 1,000 lọ́nà 20 jẹ́ 20,000. Ẹ pín in sí 480, ó jẹ́ 41.67, ẹ pè é ní 42. Ibi tí mo ti máa ń ṣubú ni pé mo ń gbàgbé láti sọ wákàtí di ìṣẹ́jú. Mo pín 20,000 sí 8 lọ́jọ́ kan, mo kọ 2,500 ẹ̀kán ní ìṣẹ́jú kan, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ti kúrò ní dírípù, ó ti di ẹ̀rọ omi. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ á rí i pé kò ṣeé ṣe. Ẹni tó ń kọ́ ọgọ́ta ìbéèrè ní òru ọjọ́ ìdánwò kò ní rí i.

Ìṣòro kejì ni mílígíráàmù àti máíkírógíráàmù. Wọ́n kọ digoxin, oògùn ọkàn kan, 0.25 mg, oníhóró 125 máíkírógíráàmù ló wà nílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ méjèèjì di irú kan náà: 0.25 mg jẹ́ 250 máíkírógíráàmù, hóró méjì ni. Ẹni tó bá fi ẹyọ òdo kan ṣì í, ìlọ́po mẹ́wàá ló fi ṣì í.

Ìbéèrè mẹ́ta lójúmọ́ ló yọ mí, láàárọ̀, kí n tó fọwọ́ kan fóònù. Mẹ́ta péré. Tí ó bá di márùn-ún, mo ti mọ ara mi, n ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Kí ìwé ìdáhùn wà ní pípadé títí n ó fi kọ tèmi tán, torí kíkà ìdáhùn ẹlòmíràn máa ń jọ ìmọ̀ lójú ẹni tó ń kà á. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke dán an wò ní 2006: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tún ọ̀rọ̀ kà, àwọn kan pa ìwé dé, wọ́n gbìyànjú láti rántí rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló rántí jù. Gbogbo ìwé tí mo fi gègé òféefèé kùn ní ọdún kìíní, ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni mo kùn ún fún.

Nípa àkókò, ẹ má gba ara yín gbọ́. Roger Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa fi parí rẹ̀, ìwádìí náà jáde ní 1994. Ọjọ́ 33.9 ni wọ́n fojú bù ní àròpín, ọjọ́ 55.5 ni wọ́n lò. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń kọ iye wákàtí tí mo rò, mo fi ìdajì rẹ̀ lé e, mo sì fi ọjọ́ méjì síwájú ọjọ́ gidi ṣe ọjọ́ ìparí tèmi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń bàjẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí gbogbo kíláàsì fẹ́ tẹ̀wé.

Nípa ìṣẹ́jú 25 kíkà àti 5 ìsinmi tí Francesco Cirillo gbé jáde ní òpin àwọn ọdún 1980, tí gbogbo èèyàn ń polówó: ó dára fún ìwé kíkà. Fún care plan kò bá mi lára mu, torí ìṣẹ́jú 25 ni mo fi ń kó gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa aláìsàn náà padà sórí, aago á sì dún. Ìṣẹ́jú 50 ni mo ń fún un. Fóònù ní yàrá mìíràn, kì í ṣe lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹgbẹ́ kíláàsì lórí WhatsApp ni ó máa ń kó ìdààmú bá mi jù, pàápàá ní òru ìdánwò, nígbà tí ẹnìkan bá béèrè pé, “Ṣé wọ́n ní orí kẹsàn-án náà wà níbẹ̀?”

Oorun wá ńkọ́? Ìdánwò kan wà tí mo fi iṣẹ́ òru méjì àti kọfí ya ara mi sí mímọ́ fún. Ìdajì kọfí tí èèyàn mu ní aago méjì òru ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bíi aago méje àárọ̀, nítorí náà nígbà tí mo dórí ibùsùn, ojú mi ń wo àjà. Wọ́n bi wá lórí òṣùwọ̀n Glasgow, tí a fi ń mọ bí aláìsàn ṣe wà lójúfò sí. Mo kọ 2. Ojú ní 4, ọ̀rọ̀ ẹnu ní 5, ìṣíra ní 6, èyí tó kéré jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1. Kò sí ẹni tó lè gba 2. Òkú pàápàá á gba 3. Mo mọ èyí dáadáa. Mo ti kọ́ ọ fún ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Láti ọjọ́ náà, mo ti ṣíwọ́ fífi iṣẹ́ tó ń fẹ́ ọpọlọ sí àárọ̀ tí mo bá jáde iṣẹ́ òru. N ó sùn, n ó jí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti ìwé àpò ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí ni mo fẹ́ kí ẹ rọra kà. Ní ọdún kejì, bàbá kan tí ọkàn rẹ̀ kò lè ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara dáadáa mọ́ kú nígbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì àgbà. Orí ìwé tí a ń kà lọ́wọ́ ní kíláàsì ni àìsàn ọkàn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni n kò lè ṣí ìwé yẹn. Mo tún gbé gbogbo ohun tí mo ti kọ́ jáde: ìbéèrè mẹ́ta, ìṣẹ́jú 25, fóònù ní yàrá kejì. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Mo tún padà sí pípe ara mi ní ọ̀lẹ. Ojú ìwé tí mo bá ṣí, ẹsẹ̀ bàbá tó wú ni mò ń rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló béèrè pé, “Ṣé o ti sọ fún ẹnikẹ́ni pé o sunkún?” N kò tíì sọ. A jókòó lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, mo sọ ọ́, ó tó wákàtí kan. Mo ṣí ìwé náà ní ọjọ́ kejì. Pákáǹleke tó ti inú ikú aláìsàn wá, ètò àkókò kò ràn án. Bí ó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò lọ, tí àyà ń já láìnídìí, ẹ lọ rí olùdámọ̀ràn tàbí dókítà. Tó bá sì jẹ́ pé èrò ikú ló ń wá sọ́kàn, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ fún ẹnìkan.

Mo ṣì ń sún nǹkan síwájú. Ọdún tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ náà, ó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé mi ò fi ọjọ́ mẹ́ta nà ara mi lẹ́gba mọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Michael Wohl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2010 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dárí ji ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n sún ìkàwé ìdánwò àkọ́kọ́ síwájú kò sún ti ìkejì síwájú tó àwọn tó ń bú ara wọn. Kí n tó kà á, mo rò pé ìbúra-ẹni ni iná tó ń sọ ìkòkò di híhó.

Tó bá wá pẹ́ jù ńkọ́, tí aláìsàn ti lọ, tí ọjọ́ ti pé? Ẹ kọ̀wé sí olùkọ́ kí àkókò tó pé, bó tiẹ̀ ku wákàtí méjì. Ìlà mẹ́ta ti tó: ibi tí iṣẹ́ dé, ohun tó sọnù, ọjọ́ tí ẹ lè mú ìyókù wá. Ẹ má pa ìbátan kankan láti fi ṣe àwáwí. Ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀. Olùkọ́ tó fún mi ní òdo yẹn sọ fún mi lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan pé tí mo bá ti kọ gbólóhùn kan péré sí àpótí ìpele karùn-ún, òun ì bá fún mi ní máàkì ìpele mẹ́rin yòókù. Mo béèrè gbólóhùn wo ni. Ó mú gègé mi, ó kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé àpò mi, ó ṣì wà níbẹ̀: “A kò rí i yẹ̀ wò. Aláìsàn ti lọ sílé.”